Pọ́n-ùn Méjìdínlógójì

“Fa ikùn rẹ sínú, Keturah.”

Mo fà á. Mo fà á débi pé n kò lè mí mọ́. Ọ̀gbẹ́ni Pettway, olùkọ́ báńdì wa, di jákẹ́ẹ̀tì pupa náà mú lọ́tùn-ún, ó dì í mú lósì, ó ń fà á bí ẹni tó fẹ́ ti ilẹ̀kùn tí ìjì ń ṣí. Pàbó ló já sí. Bọ́tìnnì àti ihò rẹ̀ kàn ń wo ara wọn lókèèrè ni. Àlàfo àárín wọn gba odindi àtẹ́lẹwọ́.

Àwọn ọmọ báńdì tó kù tò sẹ́yìn mi, wọ́n ń dúró kí ó kàn wọ́n. Oṣù Kẹjọ ni, oòrùn ń yan òrùlé yàrá orin, òógùn sì ti rin ẹ̀yìn aṣọ mi.

“Èyí ló tóbi jù nínú gbogbo ohun tí a ní,” ni Ọ̀gbẹ́ni Pettway wí. Kò rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀.

Devarius tó ń fọn tìróńbóònù kò lè pa á mọ́ra. “Ẹ jẹ́ ká lọ gba ṣéènì tí bàbá ẹ̀ fi ń di gẹdú wá, sà! Ìyẹn nìkan ló lè so ó pọ̀!”

Gbogbo yàrá bú sẹ́rìn-ín. Mo yíjú sí i.

“Devarius, ọjọ́ tí o bẹ̀ mí pé kí n jẹ́ kí o gbé túbà mi wò, ibo lo gbé e dé? Ìdí ilẹ̀kùn yẹn lásán, o ti ń pe ìyá ẹ.”

Ẹ̀rín náà ṣẹ́rí padà sórí rẹ̀. Ó wolẹ̀. Ṣùgbọ́n Ọ̀gbẹ́ni Pettway kò rẹ́rìn-ín. Ó bọ́ jákẹ́ẹ̀tì náà léjìká mi, ó gbé e kọ́.

“Gbọ́, Keturah. Ọjọ́ Ìpadàbọ̀ ku ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ. Gbogbo àwọn tó ti jáde nílé-ìwé yìí ló ń bọ̀ wá wo bí a ṣe ń yan ní ìgboro. Bí jákẹ́ẹ̀tì yìí bá dé ọ lára lọ́jọ́ náà, o máa yan. Bí kò bá dé ọ, wàá lọ bá àwọn òbí jókòó, ẹlòmíràn á gbé túbà. Kò sẹ́ni tó máa wọ aṣọ ilé nínú báńdì mi.”

Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ mí lára dé eegun. Bí mo bá sunkún níbẹ̀, ó tán fún mi. Mo gbé àgbọ̀n mi sókè.

“Á dé mi lára, sà. Ẹ má wulẹ̀ wá ẹlòmíràn.”

Keturah Boykin ni orúkọ mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí nígbà náà, ìwọ̀n mi sì jẹ́ igba pọ́n-ùn ó lé méjìdínláàádọ́rin. Mo sọ iye rẹ̀ síta nítorí pé etí ara wọn ni àwọn ènìyàn máa ń sọ ọ́ sí, bí ẹni pé ẹ̀ṣẹ̀ ni. Ní Marlow Springs tí à ń gbé, kò sẹ́ni tí kò mọ̀ mí. Èmi ni ọmọ Alvin Boykin tó ń wa ọkọ̀ agbégi. Èmi ni mo ń gbé túbà, fèrè bàbà ràgàjì tó máa ń yí ènìyàn lára bí òjòlá. Láti ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń fọn ún, bí mo bá sì fọn ún, fèrèsé ṣọ́ọ̀ṣì á máa gbọ̀n. Ara tí wọ́n ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ náà ló ń gbé e.

Ohun kan ń ṣẹlẹ̀ nínú ilé wa lọ́dún yẹn. Dádì ń jò, ìwọ̀n rẹ̀ ń dín kù. Àtọ̀gbẹ ti ń bá a fínra tipẹ́, wọ́n sì ti kìlọ̀ fún un pé bí ọ̀rọ̀ bá ń lọ báyìí, wọ́n lè gba ìwé ìwakọ̀ ọkọ̀ ńlá lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgbà yẹn ni Dókítà Rao, ní ilé ìwòsàn kan ní Montgomery, fi í sórí oúnjẹ kan tó kéré jọjọ: ìyẹ̀fun inú àpò kéékèèké tí wọ́n ń pò mọ́ omi, ife mẹ́rin lóòjọ́, láìsí oúnjẹ mìíràn. Agbára tó wà nínú ife mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò tó ti àwo kan ṣoṣo tí Dádì máa ń jẹ lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú. Ọ̀sẹ̀ méjìlá ni wọ́n dá fún un. Lọ́sẹ̀ méjì méjì, á lọ kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n yẹ ọkàn rẹ̀ wò. Ọjọ́ tó bẹ̀rẹ̀ gan-an ni dókítà ti dín oògùn àtọ̀gbẹ rẹ̀ kù, kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ má baà já lulẹ̀ lójijì.

Èmi kò wo gbogbo ìyẹn. Ohun tí mo ń wò ni bẹ́líìtì Dádì. Ihò tuntun mẹ́rin ló ti lu sí i. Pọ́n-ùn mọ́kànlélógójì ti fi ara rẹ̀ sílẹ̀, ó sì ń fò gun ọkọ̀ rẹ̀ bí ọmọdékùnrin.

Nígbà tó ń lọ fún àyẹ̀wò ìparí oúnjẹ náà, mo bá a lọ. Dókítà Rao jẹ́ obìnrin kúkúrú tó máa ń wọ bàtà eléré ìje sábẹ́ aṣọ funfun. Mi ò tilẹ̀ jẹ́ kó jókòó.

“Dókítà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní irú ti Dádì.”

Ó wò mí pẹ́. “Ta ló múnú bí ẹ?”

“Kò sẹ́ni tó múnú bí mi, mà. Jákẹ́ẹ̀tì ni.”

Mo ròyìn fún un. Ó fetí sílẹ̀ dáadáa, kò já lu ọ̀rọ̀ mi, ìyẹn ló sì jẹ́ kí èsì rẹ̀ dùn mí jù.

“Keturah, oúnjẹ yẹn kì í ṣe fún ọmọ tó ṣì ń dàgbà, àfi bí àwọn dókítà àwọn ọmọdé tó mọṣẹ́ náà bá rí ìdí pàtàkì, tí wọ́n sì ń ṣọ́ ọ lójú méjèèjì. Eegun rẹ kò tíì gbó tán. Jẹ́ kí n kọ̀wé sí ẹnì kan tó ń bá àwọn ọ̀dọ́ ṣètò oúnjẹ wọn. Ìwọ àti màmá rẹ lẹ jọ máa lọ. Ó lè gba ọdún kan, ó sì lè gba méjì.”

“Ọdún méjì kẹ̀? Ọ̀sẹ̀ méje péré ló kù, mà!”

“Ara kò mọ kàlẹ́ńdà báńdì yín.”

Dádì fọwọ́ kàn mí léjìká. “O gbọ́ ohun tí wọ́n wí, Ket.”

Mo gbọ́. N kò kàn gbà ni. Nínú ọkọ̀ lójú ọ̀nà ilé, mo fàáké kọ́rí, n kò bá Dádì sọ̀rọ̀ títí a fi wọ Marlow Springs. Ohun tí mò ń sọ fún ara mi ni pé wọ́n ti fi ọ̀nà hàn mí, ṣùgbọ́n wọn ò fẹ́ kí n rìn ín.

Lọ́sẹ̀ náà, mo rí ìpolówó kan lórí fóònù. Ìyẹ̀fun ni òun náà, nínú ike funfun, obìnrin kan sì ń di ṣòkòtò tó ti ń wọ̀ tẹ́lẹ̀ mú níwájú ara rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo fi owó iṣẹ́ tí mò ń ṣe ní ṣọ́ọ̀bù bọ́gà lọ́jọ́ Sátidé rà á. Kò sẹ́ni tó bi mí lọ́jọ́ orí. Kò sẹ́ni tó gba ẹ̀jẹ̀ mi. Wọ́n kọ ìlànà sára ike náà, mo kà á, mo sì tún dín iye tí wọ́n ní kí n máa mu kù. Mo rò ó pé bí díẹ̀ bá ṣiṣẹ́, díẹ̀ tó kéré sí i á ṣiṣẹ́ jù ú lọ.

Mọ́mì ń ṣiṣẹ́ láti ọ̀sán títí di òru ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń pa adìẹ. Dádì ń bẹ lójú ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó ń wo àwo mi. Bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, ọ̀rọ̀ kan náà ni: “Mo ti jẹun, mà. Mo ti yó, sà.” Irọ́ tó kéré bẹ́ẹ̀ kò ṣòro pa.

Ó sì ṣiṣẹ́! N kò ní í ṣe bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́. Lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́, pọ́n-ùn mẹ́sàn-án lọ. Nígbà tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, ṣòkòtò mi ń bọ́ sílẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ ń gbá mi mú lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì. “Ọmọ yìí, o ti wá ń rẹwà o!” Bí ẹni pé pàǹtírí ni mí tẹ́lẹ̀. Devarius di ilẹ̀kùn mú fún mi kí n lè wọlé. “Ṣé ìwọ náà rèé, Keturah?” Ọ̀gbẹ́ni Pettway na àtàǹpàkò rẹ̀ sí mi láti òdì kejì pápá.

Mo mọ̀ pé irú àwọn ènìyàn bẹ́ẹ̀ kò yẹ lẹ́ni tí a ń ṣe nǹkan nítorí wọn. Ṣùgbọ́n ìyìn dùn. Ẹni tó bá ní kò dùn, ẹ wo ẹnu rẹ̀ dáadáa, irọ́ ló ń pa. Ebi ń pa mí bí ẹni tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ikùn rẹ̀, síbẹ̀ bí ẹnì kan bá ti sọ pé “o ti jò o,” mo ti yó nìyẹn.

Ara mi bẹ̀rẹ̀ sí í bá mi sọ̀rọ̀, mo sì di etí. Òtútù ń mú mi nínú oòrùn oṣù Kẹsàn-án. Bí mo bá dìde lójijì, gbogbo ayé á ṣú dùdù fún ìṣẹ́jú kan. Inú ń bí mi sí ẹni tó kí mi àti ẹni tí kò kí mi. Nínú báńdì, ìró kan tí mo máa ń fi èémí kan ṣoṣo fọn dópin, ó wá ń já mọ́ mi lẹ́nu lágbedeméjì.

“Keturah,” ni Ọ̀gbẹ́ni Pettway wí, “kí ló ṣe ìsàlẹ̀ orin mi? Ó ń jò bí garawa tó lu.”

“Mo máa ṣe é, sà.”

Ní ọjọ́ Àìkú kan, Dádì dín ẹja. Mo jẹ méjì kí wọ́n má baà fura sí mi. Kò pé wákàtí kan tí nǹkan kan gún mi lábẹ́ egungun ìhà ọ̀tún bí ọ̀bẹ, ó sì gba ẹ̀yìn lọ sí èjìká. Mo jókòó nílẹ̀ báàfù, mo ki aṣọ ìnura bọ ẹnu kí wọ́n má baà gbọ́ mi. Nígbà tó lọ, mo bọ́jú, mo jáde.

Lọ́jọ́ kejì ni Mọ́mì pè mí pẹ̀lú orúkọ mi mẹ́tẹ̀ẹ̀ta.

“Keturah Renée Boykin! Kí ni mo rí nínú báàfù mi?”

“Irun ni, mà.”

“Mo mọ̀ pé irun ni, mi ò fọ́jú. Mo ń tu adìẹ níbi iṣẹ́, mo dé ilé, wọ́n tún ń tu ọmọ mi. Ta ló ń tu ọ́?”

“Ẹni tó dirun fún mi ló dì í le jù, mà.”

Ó wo ojú mi. Mọ́mì kì í ṣe òpè. Ó la ẹnu láti sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọkọ̀ tó máa gbé e lọ síbi iṣẹ́ fọn fèrè níta. “A máa sọ̀rọ̀ yìí lọ́jọ́ Sátidé,” ó wí. Ọjọ́ Ẹtì tó ṣáájú Sátidé náà sì ni Ọjọ́ Ìpadàbọ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mo wọ jákẹ́ẹ̀tì pupa. Bọ́tìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà wọlé. Mo gun ìwọ̀n ní yàrá nọ́ọ̀sì: igba ó lé ọgbọ̀n. Pọ́n-ùn méjìdínlógójì lọ ní ọ̀sẹ̀ méje. Mo rin ìrìn fáàrí gba iwájú Devarius kọjá, mo ní, “Ṣéènì yẹn, o lè fi di ẹnu ẹ.”

A bọ́ sí ìgboro. Àwọn ènìyàn tò lọ́tùn-ún lósì, àgbà àti ọmọdé, wọ́n ń pe orúkọ wa. Mo gbé túbà lé èjìká, ó wúwo ju bí mo ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Àwọn ìlù gbá, mo fọn. A kọjá ní ilé ìfìwéránṣẹ́. A kọjá ní ilé ẹjọ́. Níwájú ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀, ọ̀bẹ náà tún gún mi lábẹ́ ìhà ọ̀tún, kò sì lọ bí ti tẹ́lẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan. Mo gbé èkejì. Ọkàn mi ń lù gìdìgìdì, ó sinmi, ó tún lù. Mo rí ọ̀dà ojú títì tó ń bọ̀ wá bá mi.

Wọ́n ní ìró tí túbà náà ṣe nígbà tó balẹ̀, wọ́n gbọ́ ọ dé ilé epo. Wọ́n tún ní Devarius ló kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ mi, pé òun ló gbé fèrè kúrò lórí mi, tó sì ń kígbe sí gbogbo ènìyàn pé kí wọ́n jẹ́ kí atẹ́gùn fẹ́ sí mi. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó yẹ kí n sọ ọ́.

Montgomery ni mo ti lajú. Wọ́n ti so omi mọ́ mi lọ́wọ́, wọ́n sì ti lẹ okùn tín-ín-rín mọ́ mi láyà tí ẹ̀rọ fi ń ka bí ọkàn mi ṣe ń lù. Mọ́mì wà lápá kan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀. Dádì wà lápá kejì. Dókítà Rao dúró níbi ẹsẹ̀ mi. Ike funfun náà wà lórí tábìlì. Mọ́mì ti rí i lábẹ́ ibùsùn mi.

“Òkúta wẹ́wẹ́ ló kún inú àpò òróòro rẹ,” ni Dókítà Rao wí. “Bí ènìyàn bá ń jò ní ìwàǹwára, ó máa ń ṣẹlẹ̀. Iṣẹ́ abẹ la fi máa yọ ọ́. Èyí tó tún bà mí lẹ́rù ni pé àwọn iyọ̀ tí ọkàn fi ń lù déédéé ti fẹ́rẹ̀ẹ́ gbẹ nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ. Ká ní o tún yan síwájú díẹ̀ sí i, bóyá ọ̀tọ̀ lohun tí à bá máa sọ níbí.”

Ó yẹ kí n sunkún. Ìbínú ló wá.

“Ṣùgbọ́n ó ṣiṣẹ́, mà! Pọ́n-ùn méjìdínlógójì! Dádì ṣe é, gbogbo yín pàtẹ́wọ́ fún un. Èmi ṣe é, ẹ dúró yí mi ká bí ẹni tó jalè.”

“Keturah!” ni Mọ́mì wí.

“Ẹ jẹ́ kó sọ̀rọ̀,” ni Dókítà Rao wí. Ó fa àga, ó jókòó kí ojú wa lè ṣe déédéé. “Òótọ́ lo sọ. Ó ń ṣiṣẹ́. Bí mo bá ní kì í ṣiṣẹ́, mo purọ́ fún ẹ. Ìdí tí mo fi fún bàbá rẹ nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìka kò dọ́gba. Àgbàlagbà ni bàbá rẹ, àrùn tó ń bá a jà burú ju ewu oúnjẹ náà lọ. Ohun tó ń mu, wọ́n wọn gbogbo ohun tí ara ń fẹ́ sínú ẹ̀; ta ló wọn tìẹ? Bí ọkàn rẹ̀ bá yẹ̀ díẹ̀, mo máa rí i lọ́sẹ̀ yẹn. Ta ló ń wo tìẹ? Ìwọ àti fóònù.”

Nígbà náà ni Dádì ṣí fìlà lórí, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí i lọ́wọ́.

“Mo ti gba mẹ́rìnlá padà,” ó wí.

Mọ́mì yíjú. “Mẹ́rìnlá kí ni, Alvin?”

“Pọ́n-ùn. Láti ìgbà tí mo ti padà sí oúnjẹ gidi. Ojú ọ̀nà ni mo wà, mo máa yà síbi tí wọ́n ti ń ta adìẹ díndín, mo máa ní ẹ̀ẹ̀kan péré. Wọ́n ní kí n máa wá kí wọ́n lè ràn mí lọ́wọ́, mi ò lọ. Ojú ń tì mí. Gbogbo ìjọ ti pàtẹ́wọ́ fún mi, Ket, báwo ni mo ṣe máa wá sọ fún wọn pé ó ń padà?” Ó tún yí fìlà náà lọ́wọ́. “Ká ní mo sọ ọ́ nílé ni, bóyá o ò bá ti rò pé idán ni.”

Mọ́mì wo òun, ó wo èmi. “Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ọ̀kan ń fi jíjò pamọ́, ọ̀kan ń fi sísanra pamọ́, èmi wá di òpè láàárín yín. Ẹ gbọ́ mi, ẹ̀yin méjèèjì. Láti òní lọ, nínú ilé mi, a máa jókòó jẹun pọ̀, a sì máa sọ òtítọ́ lórí àwo. Ẹni tí kò bá lè ṣe é, kó lọ gbé nínú ọkọ̀ agbégi.”

Dókítà Rao rọra rẹ́rìn-ín. “Ẹ gbà mí síṣẹ́ lọ́dọ̀ yín, mà. Jíjò kì í ṣe ìṣòro tó pọ̀. Kí ó má padà ni iṣẹ́, ìyẹn sì ni ìyẹ̀fun kò lè báni ṣe.”

Wọ́n yọ àpò òróòro mi lọ́jọ́ kejì. Ojú abẹ mẹ́rin ló wà ní ikùn mi dòní.

Ọ̀gbẹ́ni Pettway wá kí mi nílé lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́rin, pẹ̀lú káàdì tí gbogbo báńdì fọwọ́ sí. Ó jókòó sétí àga. “Jákẹ́ẹ̀tì rẹ ń dúró dè ọ́,” ó wí.

“Kò ní í dé mi lára mọ́, sà. Wọ́n ní kí n máa jẹun, mo sì ń jẹun. Bí ẹ bá fẹ́ kí n padà, ẹ mú jákẹ́ẹ̀tì náà wá, Mọ́mì á tú ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, á fi aṣọ kún un. Bí ẹ ò bá fẹ́, ẹ wá ẹlòmíràn tó lè fọn ìsàlẹ̀ yẹn.”

Ó nu ojú. “Kò yẹ kí n sọ̀rọ̀ yẹn níwájú gbogbo ènìyàn.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Níwájú gbogbo ènìyàn náà ló sì yẹ kí ẹ ti tọrọ àforíjì.”

Mo retí kí Mọ́mì bá mi wí. Lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná tó dúró sí, ó kàn ń nu àwo kan ṣoṣo lánùtúnnù. Ọ̀gbẹ́ni Pettway wo Mọ́mì, ó wo èmi, ó dìde. Lọ́jọ́ tí mo padà sí yàrá orin, ó pe gbogbo báńdì jọ, ó tọrọ àforíjì. Kò rọrùn fún un, ọrùn rẹ̀ ń làágùn. Mo ní mo gbà.

Èmi àti Mọ́mì ń lọ rí obìnrin tí Dókítà Rao júwe fún wa. Kò fún mi ní ohun àrà kankan. Ó kọ́ wa bí a ṣe ń se ẹ̀fọ́ láìfi ọ̀rá ẹlẹ́dẹ̀ kún inú rẹ̀, ó ní kí n jẹun àárọ̀, kí n dín tíì aládùn kù, kí èmi àti Dádì máa rìn yí adágún po. Dádì náà ti padà sọ́dọ̀ dókítà. Irun mi ń hù. Èémí mi ti padà: mo ti ń fọn ìró gígùn yẹn dópin.

Ìwọ̀n mi sì ti gòkè. Igba ó lé mọ́kànlélógójì ni mí ní oṣù Kọkànlá, wọ́n sì ní ó ṣeé ṣe kó tún yí padà kó tó dúró. Ìyá ìjọ kan fa ẹ̀rẹ̀kẹ́ mi. “Áà, ó mà ti ń padà o.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, mà,” mo dá a lóhùn. “Ìlera ló ṣáájú, òun ló sì ń gbé e bọ̀.”

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn ni Jariyah wá bá mi. Ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni, ó ń fọn kilarinẹ́ẹ̀tì, ara rẹ̀ sì kún bíi tèmi. Ó dúró dè mí nínú yàrá tí à ń kó fèrè sí títí gbogbo ènìyàn fi jáde.

“Àǹtí Keturah, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tí ẹ mu yẹn, ṣé ó ṣẹ́kù?”

“Ta ló múnú bí ẹ?” Ọ̀rọ̀ náà jáde kí n tó mọ̀ pé ti dókítà ni.

“Kò sẹ́ni tó múnú bí mi. Mo kàn fẹ́ jò ni. Díẹ̀ ni mo máa mu, mi ò ní í ṣe bíi tiyín.”

“Èmi náà sọ bẹ́ẹ̀. Rárá.”

Ojú rẹ̀ le. “Ó rọrùn fún yín láti sọ. Ẹ ti jò. Ẹ kàn fẹ́ kó jẹ́ ẹ̀yin nìkan ni.”

Mo gbé aṣọ mi sókè, mo fi ojú abẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin hàn án. Mo fi ibi tí irun mi ti pá lẹ́bàá etí hàn án. Mo sọ iye tí mo jò fún un, mo sì sọ iye tó ti padà. Ó wò ó pẹ́, ó nu omijé ojú rẹ̀.

“Kí ni kí n wá ṣe báyìí?” ó wí. “Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń pè mí ní màlúù.”

“Ta ni?”

Ó dárúkọ wọn. Mo gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, mo fi kọ́ èjìká ara mi. “A máa kọ́kọ́ dé ọ̀dọ̀ nọ́ọ̀sì, wàá sọ bí ara rẹ ṣe rí àti ohun tí o fẹ́ ṣe. Á pe màmá rẹ. Tí ẹ bá ń fẹ́ dókítà, wọ́n á júwe ẹni tó mọ̀ nípa ọmọdé fún yín. Lẹ́yìn ìyẹn, èmi àti ìwọ máa lọ bá àwọn tó ń pè ọ́ ní màlúù, kí wọ́n pe èmi náà bẹ́ẹ̀ lójú mi.”

“Ẹ ò bẹ̀rù?”

“Mo ti ṣubú lójú gbogbo ìlú lọ́sàn-án gangan. Kí ló tún kù tí wọ́n máa fi dẹ́rù bà mí?”

Ó rẹ́rìn-ín nínú omijé, a sì jọ jáde.

Ẹ̀yin ojúgbà mi, ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ nìyí, mo sì rà á ní ọ̀wọ́n. A kì í kánjú lá ọbẹ̀ gbígbóná. Oúnjẹ tó kéré jọjọ yẹn kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe májèlé. Iṣẹ́ dókítà ni, fún ẹni tí dókítà bá yàn án fún, pẹ̀lú ojú tó ń ṣọ́ ọ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí di ọjọ́ tí onítọ̀hún yóò padà sí oúnjẹ gidi, àti lẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú. Bí ara rẹ bá wúwo tí o sì ń fẹ́ ìrànlọ́wọ́, béèrè rẹ̀ ní gbangba, lọ́wọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n, kò sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá fi ebi pa ara rẹ̀ ní ìkọ̀kọ̀ nítorí ẹ̀rín àwọn ènìyàn, ìtìjú ló ń fún lóúnjẹ. Ìtìjú kì í sì í yó.

Èmi kò fún un lóúnjẹ mọ́.